Àlejò Nínú Jùjú: Kọ́ńtírì àti Soul Lọ́wọ́ Àwọn Olórin Wa

 

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí olórin kọ́ńtírì tó ṣe àwo tó fi po orin soul ti gúúsù Amẹ́ríkà àti oríṣi orin mìíràn pọ̀. Ẹni tó mú ìwé ìpè wá bá mi ní Beyoncé ló wà lọ́kàn òun, àwo Cowboy Carter tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, èyí tó gba ẹ̀bùn Grammy gẹ́gẹ́ bí àwo ọdún ní 2025. Mo ní kò burú. Mo gbọ́ àwo náà, ó sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Sunny Adé, olórin jùjú wa, ti gbé irú ẹrù yìí gba Lomé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1982, nígbà tí Beyoncé ṣì ń rákò. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1966, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì kan ti da soul pọ̀ mọ́ háíláìfù ní Ìbàdàn. Àwọn ọkùnrin méjì yìí ni mo fẹ́ fi àkókò yín sọ.

N kò pe ìkankan nínú wọn ní olórin kọ́ńtírì o. Sunny kò dé àkẹtẹ̀ àwọn darandaran Texas rí lójú mi. Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀: àlejò kì í ba ilé jẹ́ bí onílé bá mọ ibi tí yóò fi í jókòó sí àti iṣẹ́ tí yóò gbé lé e lọ́wọ́. Olórin tó bá ti ní ilé tirẹ̀ lè gba ohun èlò láti Nashville, ìlú àwọn olórin kọ́ńtírì, kó gba ìlù láti Memphis, ìlú àwọn olórin soul, kí a sì tún mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹni tí kò nílé, bó kó gbogbo ayé jọ, ariwo ló kó jọ.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó ti wáyé ju Alímọ̀ṣọ́ lọ. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ yìí ló ní èrò jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n lé ní 1,200,000. Àwórì ló ni ilẹ̀, láti Ìṣẹ̀rì Ọlọ́fin dé Ìkòtún dé Ìgàndó. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ègùn, Ìgbò, Ìdómà, gbogbo wọn ló wá bá wọn níbẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé ní Ẹ̀gbẹ́dá, fújì ń bọ̀ láti abẹ́ kánópì tó dí pópó, orin ìyìn ń bọ̀ láti ilé ìjọsìn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń tún fóònù ṣe náà ti tan tiwọn. Etí ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ ti mọ bí orin mẹ́ta ṣe ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kejìlá, nítorí ìgbà yẹn ni kọ́ńtírì máa ń wá bá ọ̀pọ̀ nínú yín nílé. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí àwọn ọlọ́jà Ìkòtún bá ti ń to àpò ìrẹsì àti tòmátò alágolo síta, ohùn ọkùnrin kan á gba ẹ̀rọ wọlé: Jim Reeves. Texas ni wọ́n bí i sí ní 1923. Àwo Kérésìmesì tó ṣe ní 1963, Twelve Songs of Christmas, ni à ń gbọ́ títí dòní. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ 31 oṣù Keje 1964, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń wà já lulẹ̀ nítòsí Nashville, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ó ṣì ń bá wa ṣọdún ní Ìgàndó. Bí wọ́n bá ń ṣe àìsùn òkú àgbà, tí àwọn ọmọ olóògbé kọrin ìsìn títí tó fi rẹ̀ wọ́n, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á tún sáré fi Jim Reeves sí i. Àwọn bàbá tí kò fẹsẹ̀ tẹ Texas rí mọ ohùn ọmọ Texas yìí dunjú. Don Williams, Kenny Rogers àti Dolly Parton náà bá a wọlé, àmọ́ òun ni olórí ẹbí.

Èéṣe tó fi wọ̀ wá lára? Àwọn kan ní rédíò ló fi kọ́ wa. Àwọn mìíràn ní nítorí orin ìsìn ni: Jim Reeves kọ ọ̀pọ̀ orin tó jọ èyí tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń kọ tẹ́lẹ̀, ó sì rọra ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ka ìwé mẹ́fà náà fi ń gbọ́ ọ yé. Òótọ́ wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù lójú mi ni pé kọ́ńtírì fẹ́ràn ohùn tó ń yọ̀, ohùn tí kì í fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì, tó ń rọra gbá gba àárín wọn kọjá. Etí Yorùbá sì ti mọ ohùn bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Memphis, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lẹ́bàá odò Mississippi. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ orin Stax wà, ilé tí Otis Redding ti ṣe orúkọ, tí Wilson Pickett náà ti wá gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n fi ibi tí soul ti gúúsù ti jáde hàn yín, ibẹ̀ ni wọ́n máa mú yín lọ. Ta ló dá a sílẹ̀? Jim Stewart, òyìnbó tó ń ta fáólìnì nínú ẹgbẹ́ kọ́ńtírì. Ní 1957 tó bẹ̀rẹ̀, Satellite ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà, kọ́ńtírì ló sì kọ́kọ́ ń tẹ̀ jáde. Àwọn onílù àti onígìtá tó ń lù lẹ́yìn àwọn olórin ibẹ̀, Booker T. and the M.G.'s, aláwọ̀ dúdú méjì, aláwọ̀ funfun méjì ni wọ́n, ní ìlú tí òfin kò gbà kí wọ́n jùmọ̀ jẹun ní ilé oúnjẹ kan náà. Ní 1962, Ray Charles gbé odindi àwo jáde tó fi kọ orin kọ́ńtírì ní ìlànà soul, àwọn ilé iṣẹ́ orin sì ya ẹnu wọn. Kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Aládùúgbò ni kọ́ńtírì àti soul láti ilẹ̀. Ọlọ́jà ló pín wọn, tó kó ti aláwọ̀ dúdú sí igun kan, tó kó ti aláwọ̀ funfun sí igun kejì, kí ó lè rọrùn fún un láti tà.

Bánjò pàápàá, tí gbogbo ènìyàn kà sí ohun èlò òyìnbó olóko, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ṣe irú rẹ̀ lókè òkun. Ó di ti kọ́ńtírì tán, ó tún padà wá bá wa: ní àwọn ọdún 1930 tí Túndé King ń kọ jùjú fún àwọn ọlọ́jọ́ ní Èkó, gìtá tí wọ́n fi ikùn bánjò ṣe ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní jùjú ìbílẹ̀ pọ́ńbélé kan wà tí àwọn aláfọwọ́bọ̀ wá bàjẹ́, kí ó jọ̀ọ́ kó fi ibi tó wà hàn mí. Gángan tí a kà sí ẹ̀mí jùjú, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. I. K. Dáíró gbé àkọ́díọ̀nù wọlé, ìjọba òyìnbó sì fi í jẹ oyè MBE ní 1963. Ilé tó ń gba àlejò ni jùjú láti ọjọ́ tó ti délẹ̀.

Ní ti Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, saxophone ni ohun èlò tirẹ̀. Wọ́n bí i ní 1943, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2022. Ní Ìbàdàn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces, ṣe àwo Super Afro Soul fún Philips ní 1966. Háíláìfù ni ìpìlẹ̀: gìtá àti ìlù tí ọmọ Ìbàdàn lè jó sí láìwo ẹsẹ̀ ẹnìkejì. Orí rẹ̀ ló wá gbé fèrè tó ń gé ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú sí, bí àwọn afunfèrè ẹ̀yìn James Brown, olórin soul ará Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣe. Orin tó pè ní Ìjó Soul fi ipa ẹsẹ̀ James Brown hàn gbangba, síbẹ̀ Yorùbá ló ń sọ, ọ̀nà Yorùbá ló sì gbà sọ ọ́. Ẹ rántí pé 1966 ni mò ń wí, kí Fẹlá tó pe ohun tirẹ̀ ní Áfúrọ́bíìtì. Àwọn tó mọ ìtàn náà sọ pé Fẹlá máa ń yà wò ó níbi tó ti ń ṣeré.

Gbogbo àwo náà kò dára bákan náà, èmi kò ní purọ́ fún yín. My Girl wà nínú rẹ̀, orin tí Smokey Robinson àti Ronald White kọ fún The Temptations. Orlando kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ àlejò náà kò tíì bọ́ bàtà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Bí mo bá ń fi àwo náà sí i, mo máa ń fo ibẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé orin tó fara mọ́ ti Amẹ́ríkà jù nínú rẹ̀ náà ló tètè gbó jù.

Láàrin Orlando àti Sunny, soul fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá bá wa. James Brown wá sí Nàìjíríà ní 1970. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta 1971, ọjọ́ òmìnira Gánà, Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner, pẹ̀lú àwọn Staple Singers ṣeré mọ́jú ní Accra, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀, Soul to Soul. Àwọn ọmọ Èkó tó rí fíìmù náà kò jó bí wọ́n ṣe ń jó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó yá, Sunny Adé. Ọmọ ìdílé ọba ní Oǹdó ni, Òṣogbo ni wọ́n bí i sí ní 1946. Ó bá Moses Ọláìyá ṣiṣẹ́, Baba Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, ní àkókò tí bàbá náà ṣì ń ṣe orin kó tó gbájú mọ́ àwàdà. Ní 1967 ó dá Green Spots sílẹ̀, orúkọ tó fi kí Blue Spots ti I. K. Dáíró, nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà di African Beats. Ó fẹ́ràn Túndé Nightingale, àgbà olórin jùjú, ẹ sì lè gbọ́ ọ nínú ohùn tínrín tó ń lò. Ìyẹn ni ilé rẹ̀. Ó kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àlejò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé.

Àlejò náà ni gìtá tí wọ́n ń pè ní pedal steel. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní stíìlì. Kì í ṣe gìtá tí à ń fi okùn gbé kọ́rùn. Orí ẹsẹ̀ mẹ́rin ló dúró sí, ẹni tó ń ta á á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní okùn mẹ́wàá. Ọwọ́ òsì di irin dídán kan tó wúwo mú, ó ń fi í gbá lórí àwọn okùn náà láìtẹ̀ wọ́n mọ́ igi. Ọwọ́ ọ̀tún wọ ìwọ̀ sí ìka, ó ń fi í fà wọ́n. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń tẹ pẹ́dàlì tó ń fa okùn kan le nígbà tí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mira, ẹsẹ̀ kejì ń gbé ohùn sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Orúnkún pàápàá kò gbófo, ó ń ti irin sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́, ojú olúwarẹ̀ á sì balẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi irin gbá gìtá báyìí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Joseph Kekuku ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ní oyè náà. Ní 1954 tí orin Slowly ti Webb Pierce gbòde, tí Bud Isaacs tẹ pẹ́dàlì nínú rẹ̀, àwọn onígìtá Nashville sáré lọ so pẹ́dàlì mọ́ tiwọn. Láti ìgbà yẹn ni ohùn náà ti di àmì kọ́ńtírì. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti mọ̀ pé ọkùnrin kan fẹ́ sọ bí ìyàwó ṣe já a sílẹ̀.

Nínú African Beats, Démọ́lá Adépọ̀jù ló jókòó sídìí rẹ̀. Sunny ti ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé kì í ṣe tìtorí àrà ni òun fi mú un wọlé; ó dípò ohùn fáólìnì tí àwa ní nílẹ̀ Áfíríkà ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé rí, ohun èlò olókùn kan tí awọ bo ojú rẹ̀, mọ ohun tó ń wí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ẹ wo onídùndún: ó fi apá òsì fún ọ̀sán, ó fi kọ̀ǹgọ́ gbá awọ, ohùn gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbá kọjá láàrin. Irin tó wà lọ́wọ́ Adépọ̀jù àti ọ̀sán tó wà lábẹ́ abíyá onídùndún, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ibi tí dùùrù kò lè dé nítorí pé kò sí bọ́tìnnì kankan láàrin ohùn kan àti èkejì. Èdè wa náà ń gba ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi pariwo pé Sunny ti kó nǹkan òyìnbó wọ jùjú nígbà tí stíìlì dé. Wọ́n gbọ́ ohun tó jọ ọ̀rọ̀, wọ́n sì dìde láti jó.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi àwo náà gan-an. Bob Marley kú ní oṣù Karùn-ún 1981. Ilé iṣẹ́ Island, tí Chris Blackwell dá sílẹ̀, ń wá ẹni tí yóò gba ààyè náà lọ́jà àgbáyé, wọ́n sì fojú sí Sunny. Martin Meissonnier, ará Faransé, ló bójú tó ìgbohùnsílẹ̀. Lomé, ní Tógò, ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1982 ó jáde lábẹ́ àmì Mango, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Juju Music. Orin méje ló wà nínú rẹ̀. Jà Fún Mi ló ṣáájú, orin tí ènìyàn fi ń ké pe orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: gìtá mélòó kan ń fún ara wọn lésì ní ohùn kúkúrú, bẹ́ẹ̀sì ń sọ díẹ̀ ó ń dákẹ́ púpọ̀, gángan ń pòwe lábẹ́, stíìlì á wá yọ wọlé láti òkè, á na ohùn kan gùn, á sì jáde kó tó di pé ẹ kí i káàbọ̀. Kì í gba ipò olórin. Kì í ta títí kí wọ́n tó ní kó dúró. Wọ́n fún un níṣẹ́ ẹni tó ń dáhùn. Nínú kọ́ńtírì náà, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe: olórin sọ̀rọ̀, stíìlì dáhùn. Sunny kò yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ilé tó ti ń ṣe é ló yí padà.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà nínú àwo yẹn. Nínú 365 Is My Number, ìró ìlù ń padà wá bá ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Jàmáíkà, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní dub. Samba wà nínú orúkọ orin tó kẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe kọ́ńtírì nìkan ló wá.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá Island rò. Ní ilé, ojú àwo kan gbáko ni Sunny máa ń fi ṣe orin kan, orin kan wọ inú òmíràn láìdúró, nítorí ẹni tó ń jó lóde àríyá kì í fẹ́ kí ìlù já nígbà tó ń wá owó lápò láti ná fún olórin. Òkè òkun kò mọ èyí. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, Jà Fún Mi fúnra rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú méje lọ. Bí ẹ bá wá oríkì àwọn olówó Èkó níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ nínú àwo ilé, ẹ ó wá a tì. Mo mọ̀ pé láìsí gígé yìí, rédíò New York kò ní fi í sí i. Síbẹ̀ àwo tí Sunny ṣe fún wa nílé ní ọdún márùn-ún ṣáájú dùn mọ́ mi ju Juju Music lọ, mi ò sì rí ìdí tí màá fi bo èyí mọ́lẹ̀ torí pé àwo kejì lókìkí.

Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du Grammy. Aura dé ní 1984, Stevie Wonder fọn hàmóníkà nínú rẹ̀. Àlejò ọlọ́jọ́ kan nìyẹn. Ẹ̀rọ ìlù ti wọ àárín àwọn onílù nínú àwo náà, ó sì dà bí ẹni pé onílé ti kúrò nílé fún àlejò. Kò tà bí Island ṣe fẹ́, wọ́n sì pínyà. Lásìkò yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ orin Virgin ti mú Ebenezer Obey, olórin jùjú mìíràn, ní 1983, òun náà kò sì pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù láti máa sọ. Ní 1986, Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, gbé àwo kan jáde, Graceland. Graceland ni orúkọ ilé Elvis Presley ní Memphis, ìlú tí mo ti mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà sọ ìrìn àjò lọ síbẹ̀. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló ń lù ú: Ray Phiri lórí gìtá, Bakithi Kumalo lórí bẹ́ẹ̀sì. Àwọn Everly Brothers, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ti ìdílé kọ́ńtírì wá, ló ń gbè é. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò fi ohùn Tennessee sí i, tí yóò jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé gúúsù Amẹ́ríkà là ń lọ, wọ́n kò ránṣẹ́ sí Nashville. Démọ́lá Adépọ̀jù ni wọ́n pè. Stíìlì tí ẹ ń gbọ́ nínú orin Graceland, ọmọ Yorùbá ló ń ta á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Tennessee ti gbọ́ orin yẹn tí wọ́n sì rò pé ará ilé wọn ni.

Èwo wá ni ti òde òní? Ẹ wá stíìlì dé gbogbo òde àríyá láti Ìyànà Ìpájà dé Ìjẹ̀gún, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Láti 1986 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà já, ohun èlò tí wọ́n ń kó láti òkè òkun di ti olówó, stíìlì sì ni ọ̀kan lára èyí tó wọ́n jù. Bí okùn rẹ̀ bá já, ibo lẹ ti máa rí òmíràn rà? Fújì gba òde lọ́wọ́ jùjú. Ní 1989 Shina Peters ṣe Ace, ó fi ìlù fújì àti Áfúrọ́bíìtì sí jùjú, gbogbo ìlú sì gbóná, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ohun èlò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń san owó fún ẹlẹ́gbẹ́ orin náà fẹ́ kí èrò orí ìtàgé dín kù.

Àmọ́ iṣẹ́ yẹn kò tíì parẹ́. Lóde ìsìnkú kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù. Àgbá kékeré kan wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń fi àtàǹpàkò yí, ohùn á yọ̀ lọ sókè, á padà sílẹ̀. Olórin ń ki àwọn ọmọ olóògbé. Bó bá ti mí, ọmọkùnrin náà á fi àtàǹpàkò dáhùn. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì ni, bàbá. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń tẹ̀ lé wọn." Mo bi í bóyá ó mọ Démọ́lá Adépọ̀jù. Kò mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn ọmọ yìí jẹ́ kí n rántí ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, House of God. Láti bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń fi stíìlì ṣe ìsìn dípò dùùrù, ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé oníwàásù, ó ń ké bó bá ké, ó ń sunkún bó bá sunkún. Ìjọ yẹn ni Robert Randolph ti jáde, òun sì ni Beyoncé pè láti ta stíìlì nínú 16 Carriages tó wà nínú Cowboy Carter. Ìyẹn ni pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ló ṣì ń fi stíìlì dáhùn nínú ìjọ, nígbà tí tiwa wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ilé ìjọsìn tó wà láàrin Ìkòtún àti Ìgàndó nìkan tó láti fi àgbà onígìtá mẹ́wàá sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ tó wà níbí, owó tí ẹ ná lórí ẹ̀rọ ìmúlẹ̀tutù ọdún tó kọjá lè ra stíìlì kan, ó sì lè kù. Ẹ rà á, kí ẹ fún ọmọ bíi ti Ẹ̀gbẹ́dá yẹn. Etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló kù.

Mo ti sọ tó. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, jọ̀wọ́ fi Juju Music sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ pa fóònù yín fún ìṣẹ́jú méje, kí ẹ nawọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ stíìlì. Ẹ̀yin àgbà, bó bá wù yín kí ẹ dìde jó, àyè wà láàrin àga. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá gba ìbéèrè yín.